Kílọ́ọ̀ṣì abẹ lára katakata agékoríko àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti mú tí koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà níbí máa ń gbé wá bá mi nípa katakata agékoríko wọn tó ti pẹ́. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

Kí ni kílọ́ọ̀ṣì abẹ, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe?

Láti ìgbà tí ẹ bá ti tan íńjìnnì katakata ni íńjìnnì náà ti ń yí. Àmọ́ abẹ tó wà lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìdérí irin ńlá tó bo abẹ, kò gbọ́dọ̀ máa yí ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá lórí òkúta wẹ́wẹ́, bí ọmọdé bá sáré jáde sí ọgbà, tàbí bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, abẹ gbọ́dọ̀ dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so agbára íńjìnnì mọ́ bẹ́líìtì tó ń yí abẹ, òun náà ló ń já a kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ katakata, òun yìí kan náà ni bíréèkì abẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.

Báwo ni mo ṣe máa mọ irú èyí tó wà lára tèmi?

Ẹ wo ohun tí ẹ fi ń tan abẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀pá irin gígùn tí ẹ ń tì síwájú, tí bẹ́líìtì sì ń le bí ẹ ti ń tì í, a jẹ́ pé kò sí kílọ́ọ̀ṣì gidi níbẹ̀. Púlì kékeré kan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń gbà lórí, ló ń fa bẹ́líìtì le, tó sì tún ń dẹ̀ ẹ́. Irú kejì ní ọ̀pá ọwọ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn ń ti awo irin mọ́ awo irin níwájú íńjìnnì. Irú èyí ló wà lára ọ̀pọ̀ katakata Cub Cadet tí ilé iṣẹ́ International Harvester ṣe ní àwọn ọdún 1960.

Bó bá jẹ́ bọ́tìnì kan, tó sábà máa ń pupa tàbí kó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ni ẹ ń fà sókè, tí ẹ sì ń gbọ́ "kọ́!" lábẹ́ íńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì oníná lẹ ní. Bí kíráńkì íńjìnnì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí tó jáde láti inú íńjìnnì, bá dúró lóòró, ìsàlẹ̀ íńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì máa ń wà. Bó bá dùbúlẹ̀, bíi ti katakata John Deere 318 tí wọ́n ṣe láti 1983 sí 1992, iwájú íńjìnnì lẹ ó ti rí i. Kílọ́ọ̀ṣì oníná yìí ni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń bi mí léèrè ní, nítorí náà òun ni mo máa sọ jù.

Kí ló wà nínú kílọ́ọ̀ṣì oníná?

Nǹkan mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé yípo sínú ilé irin. Bí iná bá wọ̀ ọ́, ó di òòfà. Kọ́ìlì kì í yí. Èkejì ni awo tó dè mọ́ kíráńkì, tó ń bá íńjìnnì yí nígbà gbogbo. Ẹ̀kẹta ni awo tó gbé púlì bẹ́líìtì dání. Bí kọ́ìlì bá di òòfà, awo kẹta yìí á fò mọ́ awo kejì, púlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀kẹrin ni bíréèkì. Bí ẹ bá pa iná, sípíríǹgì á já awo púlì kúrò lára òòfà, á sì tì í mọ́ bíréèkì.

Àlàfo tó wà láàárín awo kejì àti ìkẹta kò nípọn ju ìwé páálí lọ. Ọ̀pọ̀ ìṣòro tí mo ń rí, inú àlàfo tín-ín-rín yẹn ló ti ń wá.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Mítà tó ń ka volt (agbára tó ń ti iná) àti ohm (bí wáyà ṣe ń dènà iná tó), fílà géèjì (àwọn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń ṣètò tápẹ́ẹ̀tì, sípánà, bébà ìyanrìn, àti sípánà tó ń ka agbára tí ẹ fi ń de bóòtì. Bí ẹ kò bá ní èyí tó kẹ́yìn, ẹ yá a. Ẹ má fi ojú díwọ̀n.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?

Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, gbogbo púlọ́ọ̀gì bí íńjìnnì bá ní ju ọ̀kan lọ, nítorí bí ẹ bá fi ọwọ́ yí abẹ, íńjìnnì lè mú. Ẹ yọ wáyà òdì bátìrì, àfi tí ẹ bá fẹ́ wọn iná. Ẹ jẹ́ kí íńjìnnì tutù, torí sàlẹ́ńsà sábà máa ń wà nítòsí kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀rọ, ẹ má gbé e sórí jáákì nìkan. Ẹ fi irin ìdúró tó lágbára sí i. Bí ẹ bá lè yọ dẹ́ẹ̀kì kúrò pátápátá, ẹ yọ ọ́, nítorí abẹ tó dúró jẹ́ẹ́ náà ń gé ọwọ́.

Mo fa bọ́tìnì, abẹ kò yí. Ṣé kílọ́ọ̀ṣì ti kú nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti gbé jùnù ni mo ti gbé sórí tábìlì mi tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì bóyá ó ti já tàbí ó yẹ̀ kúrò lórí púlì. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga katakata, ẹ pa íńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná ti ń wá, kí ẹ fa bọ́tìnì.

Bí ẹ bá gbọ́ "kọ́!" tó dán mọ́rán, a jẹ́ pé iná ń dé ibẹ̀, kọ́ìlì sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá ìṣòro lọ sí àlàfo, bẹ́líìtì, tàbí dẹ́ẹ̀kì. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wo fíúsì, kí ẹ wá wo súwíìṣì abẹ́ àga, súwíìṣì bíréèkì ẹsẹ̀, àti bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn lè gé iná. Bí àga bá ti ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, súwíìṣì abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má so wáyà rẹ̀ pa pọ̀ láti fò ó kọjá. Súwíìṣì yẹn ló ń dá abẹ dúró bí ẹ bá ṣubú kúrò lórí àga.

Báwo ni mo ṣe máa wọn kọ́ìlì?

Ẹ fa ojúko wáyà kílọ́ọ̀ṣì yọ, ìyẹn ibi tí wáyà rẹ̀ ti so mọ́ wáyà katakata. Wáyà méjì ló ń jáde láti ara rẹ̀. Ẹ gbé mítà sí ohm, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan wáyà méjèèjì. Láàárín 2 sí 4 ohm ni púpọ̀ nínú wọn máa ń ka, nǹkan bí 3 ló sì wọ́pọ̀ jù. Ìwé ẹ̀rọ yín á sọ iye gan-an.

Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, wáyà ti já nínú kọ́ìlì. Bó bá ka ohun tó kéré gan-an, bí ìdajì ohm, wáyà inú rẹ̀ ti jóná, wọ́n ti ń kan ara wọn. Ẹ tún fi ẹnu mítà kan sára wáyà kan àti ẹnu kejì sára irin kílọ́ọ̀ṣì. Lára púpọ̀ tó ní wáyà méjì, kò yẹ kó ka ohunkóhun. Bó bá ka nǹkan, iná ń jò sára irin.

Mítà ka 3 ohm, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń kọ̀.

Ẹ wọn volt tó ń dé ibẹ̀, kí ẹ sì wọn ọ́n nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á fa ojúko wáyà yọ, wọ́n á wọn ẹnu rẹ̀, mítà á ka 12.6, wọ́n á ní iná pé. Iná tí kò gbé ẹrù kankan kò lè fi àìsàn rẹ̀ hàn. Ẹ so wáyà padà, kí ẹ ki ẹnu mítà sẹ́yìn ojúko náà, kí ẹ wá fa bọ́tìnì. Bí volt bá wálẹ̀ sí 10 tàbí 9, ibì kan wà lójú ọ̀nà tó ń jẹ iná.

Mo rí ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Olówó rẹ̀ ti ra bọ́tìnì tuntun àti bátìrì tuntun. Nígbà tí mo ṣí ojúko wáyà tó wà lẹ́yìn táyà, bàbà inú rẹ̀ ti di eruku aláwọ̀ ewé, fọ́nrán wáyà tó ṣẹ́kù kò ju mẹ́ta lọ. Kò ju ẹyọ ẹnu wáyà méjì lọ tí mo fi tún un ṣe. Ẹ tún wo wáyà tó de bátìrì mọ́ irin ara katakata: ẹ tú u, ẹ fi bébà ìyanrìn ha á títí irin á fi dán, kí ẹ sì dè é padà.

Láàárọ̀ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú abẹ á dúró fúnra rẹ̀. Bó bá tutù, á tún mú.

Èyí ni ìbéèrè tí mo gbọ́ jù lọ, ìdáhùn rẹ̀ sì wúlò púpọ̀. Bí bàbà bá ti ń gbóná ló ń dènà iná sí i. Kọ́ìlì tó ka 3 ohm nígbà tó tutù lè ka nǹkan bí 4 ohm bí ooru rẹ̀ bá dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pẹ̀lú bátìrì 12 volt, amp (ìwọ̀n iná tó ń wọlé) 4 tó ń gbà láàárọ̀ ti di 3 nìyẹn. Agbára òòfà dínkù. Bí àlàfo bá tún ti fẹ̀ torí pé awo ti jẹ, òòfà kò ní lè di awo náà mú mọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo. Ní èyí tó pọ̀ jù, nígbà tí mo bá dín àlàfo kù sí bó ṣe yẹ, ìṣòro yẹn ń lọ, olówó ẹ̀rọ kò sì ní ra nǹkan kan. Bí kò bá lọ, ẹ wọn kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó ṣì gbóná, kété tó bá já. Wáyà tó ti sán nínú kọ́ìlì máa ń kan ara wọn bó bá tutù, wọ́n á sì pínyà bó bá gbóná. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan nígbà yẹn, tó sì tún ka 3 lẹ́yìn wákàtí kan, kọ́ìlì yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń ṣètò àlàfo?

Ẹ wo etí awo bíréèkì yípo. Ẹ ó rí ihò gbọọrọ mẹ́ta, àti nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó jókòó lórí sípíríǹgì. Ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku àti koríko gbígbẹ jáde. Iye tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìlò ni láti 0.012 sí 0.018 inch, ìyẹn bí 0.30 sí 0.46 mìlímítà, ṣùgbọ́n ìwé ti ẹ̀rọ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé bí ẹ bá rí i.

Ẹ mú abẹ fílà géèjì tó jẹ́ 0.012, kí ẹ tì í wọ ihò kìíní títí á fi wà láàárín awo méjèèjì. Ẹ rọra máa de nọ́ọ̀tì tó sún mọ́ ọn jù. Bí ẹ bá ti ń dè é, ẹ máa fa fílà géèjì síwá sẹ́yìn. Ibi tó bá ti ń fà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa ìwé yọ láàárín ìwé, ni kí ẹ dúró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ihò kejì àti ìkẹta.

Ẹ wá padà sí ìkíní. Ìkíní á ti yí padà, nítorí awo kan náà ni nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fà. Mo sábà máa ń yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta kí ọwọ́ mi tó gbà pé ó dọ́gba. Ẹ má kánjú níbí. Àlàfo tó fẹ̀ lápá kan tó sì fún lápá kejì yóò máa gbọ̀n, yóò sì tètè jẹ awo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa bọ́tìnì kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láìtan íńjìnnì, kí ẹ tún wọn ọ́n. Ẹ fi ọwọ́ yí púlì nígbà tí iná bá wà ní pípa. Bíréèkì gbọ́dọ̀ dì í mú. Bí púlì bá ń yí fàlàlà, tàbí tí ẹ gbọ́ tí awo ń ha ara wọn, iṣẹ́ kò tíì parí.

Tèmi kò ní nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn.

Àwọn kan wà tí kò ṣeé ṣètò. Àwọn kan lára èyí tó jẹ́ tuntun díẹ̀ ní irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sí abẹ́ bóòtì bíréèkì láti ilé iṣẹ́. Bí awo bá jẹ, ẹ ó yọ irin yẹn, àlàfo á sì dínkù. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè ṣe é. Bí ẹlòmíì bá ti yọ ọ́ ṣáájú yín, kò sí ohun tí ẹ tún fẹ́ yọ mọ́.

Bí mo bá fa bọ́tìnì, fíúsì á jó.

Ẹ fa ojúko wáyà kílọ́ọ̀ṣì yọ, ẹ fi fíúsì tuntun sí i, kí ẹ tún fa bọ́tìnì. Bó bá tún jó, wáyà ló ti bó sára irin ní ibì kan láàárín bọ́tìnì àti kílọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá jó mọ́, kílọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ má fi fíúsì tó tóbi sí i rọ́pò. Bí fíúsì kò bá jó, wáyà ni yóò jó, kò sì jìnnà sí táńkì epo.

Ṣé ó ní wáyà tó jẹ́ ti òkè àti ti ilẹ̀? Mo gbàgbé bí mo ṣe so ó.

Òòfà oníná lásán kò bìkítà. Bí ẹ bá yí wáyà méjèèjì padà, á ṣì fà. Ṣùgbọ́n bí dáyóòdù, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju ọ̀nà kan lọ, bá wà nínú ojúko wáyà rẹ̀, láti gbé iná tó ń ta padà mì nígbà tí ẹ bá pa kílọ́ọ̀ṣì kí bọ́tìnì má bàa jó, yíyí wáyà padà á jó fíúsì. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú u.

Mo ti pa bọ́tìnì, ṣùgbọ́n abẹ ń yí lọ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ má gé koríko pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò sọ pé abẹ gbọ́dọ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ dúró síbi tó jìnnà sí dẹ́ẹ̀kì, kí ẹ fi aago kà á.

Ohun tó ń fà á ni bíréèkì tó ti jẹ tán, epo tó ta sí i, tàbí sípíríǹgì tó ti dípẹtà. Ó tún lè jẹ́ pé ẹnì kan ti dín àlàfo kù jù. Bí àlàfo bá fún jù, awo púlì kì í já tán kúrò lára awo íńjìnnì. Ẹ tún àlàfo wọn. Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ bíréèkì tó ti jẹ dé irin, ẹ ra kílọ́ọ̀ṣì mìíràn. Lórí èyí nìkan ni n kì í jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ó ń pariwo bí ọlọ nígbà tí íńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́rìnì ni, ìyẹn òrùka irin tó ń jẹ́ kí púlì yí geere. Ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ fi ọwọ́ gbọn púlì sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, tàbí tí ẹ gbọ́ bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó ti lọ. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọ̀pọ̀ bẹ́rìnì. 2RS tó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé rọ́bà bò ó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tó yẹ fún ibi eruku. Ilé tí wọ́n ti ń ta bẹ́rìnì á ní in, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì tuntun.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ bẹ́rìnì tuntun wọlé, òrùka ìta rẹ̀ ni kí ẹ máa tì. Bí ẹ bá ti ti òrùka inú, ẹ ti bà á jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan.

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì já pátápátá, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fà á tu. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Kílọ́ọ̀ṣì yí pẹ̀lú íńjìnnì. Ilé kọ́ìlì ní ẹnu kan tó yẹ kó kọ́ mọ́ irin tó jáde lára katakata, kó má bàa yí. Bí irin yẹn bá já, tàbí tí ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn gbàgbé láti kọ́ ọ, kọ́ìlì á yí lẹ́ẹ̀kan, á sì fa wáyà rẹ̀ tu.

Àṣìṣe tó lòdì sí èyí náà burú. Àwọn kan máa ń fi bóòtì de ẹnu yẹn pinpin. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ààyè díẹ̀ láti mì síwá sẹ́yìn, nítorí kíráńkì kì í yí gún régé bí òwú. Bí ẹ bá dè é pa, bẹ́rìnì kílọ́ọ̀ṣì ni yóò máa jẹ ìyà náà.

Kílọ́ọ̀ṣì kọ̀, kò jáde lára kíráńkì.

Bóòtì kan ló dè é ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà ló ń tú u wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tí bóòtì bá ti jáde, bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá já bọ́ fúnra rẹ̀, ìpẹtà ló dì í mú. Ẹ fín epo tó ń wọ ìpẹtà sí ibi tí kíráńkì ti wọlé, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kó ta sí ojú awo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin méjì gbé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má gbé ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ má fi òòlù lu ìdí kíráńkì. Ẹni tó bá lù ú lè ba inú íńjìnnì jẹ́ nítorí kílọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá jáde lọ́jọ́ kejì, ẹ fín epo sí i, kí ẹ dúró di ọjọ́ kẹta. Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi gba ọjọ́ mẹ́rin, ó sì jáde láìsí ìpalára.

Báwo ni mo ṣe máa dè é padà?

Ẹ fi bébà ìyanrìn ha ìpẹtà kúrò lára kíráńkì. Ẹ fi òróró tí kì í jẹ́ kí irin dì mọ́ irin ra á, ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíráńkì. Bó bá ti tẹ̀ tàbí ó ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹnu ilé kọ́ìlì ti kọ́ mọ́ irin rẹ̀ kí ẹ tó de bóòtì. Iye tó wọ́pọ̀ fún bóòtì náà jẹ́ nǹkan bí 50 ft-lb, ìyẹn bí 68 N·m, àmọ́ ẹ yẹ ìwé yín wò. Bó bá dẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa lu kíráńkì títí ihò rẹ̀ á fi fẹ̀.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀n kí n tó ra òmíràn?

Ihò àárín, fífẹ̀ púlì, gíga rẹ̀, irú ojúko wáyà rẹ̀, àti apá tó ń yí sí. Kíráńkì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1 inch tàbí 1⅛ inch. Ilé ìtajà kan ti ta ti 1 inch fún mi rí fún kíráńkì 1⅛, pẹ̀lú ìdánilójú pé òun gan-an ni. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń gbé irin tí mo fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan dání.

Ẹ má fojú tín-ín-rín púlì. Bí ti tuntun bá fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, abẹ á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlànà ìṣelọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ẹnu abẹ kọjá 19,000 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú kan. Abẹ tó bá ń sáré jù lè ju òkúta dé ojú fèrèsé aládùúgbò, ó sì lè fọ́.

Ṣé kí n ra ojúlówó ni, àbí èyí tó gbọ̀pọ̀?

Ojúlówó lè lé ní 200 dọ́là. Warner Electric àti Ogura ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ katakata ń fi orúkọ tiwọn tà, nítorí náà ẹ wo ara èyí tó bàjẹ́. Bí orúkọ ẹni tó ṣe é àti nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ lè rà á láìfi orúkọ katakata wá a, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dínkù. Èyí tó gbọ̀pọ̀ gan-an, mo ti rí èyí tó lo ọdún mẹ́ta, mo sì ti rí èyí tí kò lo oṣù kan. Ẹni tó ń gé àgbàlá ilé rẹ̀ nìkan lè dán an wò. Ẹni tó ń gé fún owó, kó ra ojúlówó.

Mo ti fi tuntun sí i. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko?

Ẹ dúró ná. Ojú awo tuntun kò tíì mọ ara wọn. Ẹ tan íńjìnnì, ẹ fi í sí ìdajì iyára. Ẹ fa bọ́tìnì, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ pa á, ẹ tún ka 10. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ gbé iyára sókè sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí pẹ̀lú, ẹ máa fa bọ́tìnì ní ìdajì iyára, níbi tí koríko kò ti ga.

Ṣé wọ́n lè wé kọ́ìlì tuntun sí i?

Mo mọ̀ pé ní ilé, àwọn tó ń wé kọ́ìlì fáànù àti jẹnẹrétọ̀ mọṣẹ́ gan-an. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kò rọrùn. Wọ́n da oje líle lé kọ́ìlì yìí lórí, tí ẹ ó ha jáde kí ẹ tó rí wáyà. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí wáyà yípo, kó sì lo wáyà tó nípọn bákan náà. Bí ó bá wé e kù, ohm á kéré, iná púpọ̀ á wọlé, bọ́tìnì á jó. Lẹ́yìn náà ló gbọ́dọ̀ da oje tó ń fara da ooru padà sí i. Ẹni tó ń gbé ní ibi tí kò ti lè rí kílọ́ọ̀ṣì mìíràn rà lè ṣe é. Ní Amẹ́ríkà níbí, n kò rí èrè rẹ̀.

Mo fẹ́ ra tòkúnbọ̀ kan ránṣẹ́ sí ilé fún pápá ilé ẹ̀kọ́. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ má gbà kí ẹni tó ń tà á tan án fún yín fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gé koríko pẹ̀lú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, nítorí ooru ló ń tú àṣírí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi aago ka bí abẹ ṣe ń dúró. Ẹ kọ nọ́ńbà kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹ ra ọ̀kan àti bẹ́líìtì méjì sínú àpótí kan náà tí ẹ̀rọ yóò bá lọ. Ẹ̀rọ tó dé láìsí ìpààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì lè di ibi tí adìyẹ ń sùn sí kí ọdún méjì tó pé, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i.

Tèmi jẹ́ ti ọ̀pá ọwọ́. Báwo ni mo ṣe ń tún un ṣe?

Èyí tó ń lo púlì tó ń fa bẹ́líìtì le kò le rárá: ẹ wo sípíríǹgì, ẹ wo bẹ́rìnì púlì kékeré yẹn, ẹ wo bóyá bẹ́líìtì ti gùn. Èyí tó ní awo irin ní ibi ìṣètò tirẹ̀ lórí ọ̀pá àti lára awo. Bí abẹ bá ń yọ̀ nígbà tí koríko bá nípọn, ẹ wo bóyá ojú awo ti jẹ tán tàbí epo ti ta sí i láti ara íńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí epo ti ń jò.

Mo pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, oṣù mẹ́ta péré ó tún jó. Kí ló ń pa wọ́n?

Ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ wo dẹ́ẹ̀kì. Ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ wọ ibọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ fi ọwọ́ yí abẹ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yí láìfà. Ẹ̀rọ kan dé ọ̀dọ̀ mi tó ti jẹ kílọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Abẹ àárín rẹ̀ gan tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì yí i. Okùn ọ̀rá kan ti wé mọ́ bẹ́rìnì rẹ̀, ó ti yọ́, ó sì ti le bí òkúta. Ẹ tún wo koríko tó dì pọ̀ lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, àti bẹ́líìtì tó kúrú jù, tó ń fa púlì kílọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí dẹ́ẹ̀kì bá dára, ẹ wọn bátìrì nígbà tí íńjìnnì ń sáré tí abẹ sì ń yí. Láti 13.5 sí 14.5 volt ló yẹ kó wà. Àwọn íńjìnnì kékeré kan wà tó jẹ́ pé amp 3 péré ni wọ́n ń fi gba bátìrì. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ amp 4 á máa jẹ bátìrì díẹ̀díẹ̀, volt á máa wálẹ̀, òòfà á rẹ̀, awo á máa yọ̀ lórí ara wọn, yíyọ̀ yẹn á sì sun kọ́ìlì. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá ti ń yọ̀ báyìí máa ń rùn bí rọ́bà tó ń jóná, awo rẹ̀ á sì yí padà sí àwọ̀ aró. Bí ẹ bá rí àwọ̀ aró yẹn lára èyí tí ẹ yọ, ẹ má de tuntun mọ́ ọn títí ẹ ó fi rí ìdí tí òòfà rẹ̀ fi ń rẹ̀.